Bí a ṣe gbẹ́ ihò táǹkì sínú àpáta ní Mpape

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ n sọ iṣẹ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Alàájì kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé Mpape níbí, ló ní owó máíruwá, àwọn tó ń fi kẹ́ẹ̀gì ta omi, ti sú òun, òun fẹ́ táǹkì abẹ́ ilẹ̀. Ó dáa, àmọ́ ilẹ̀ Mpape kì í ṣe ilẹ̀ jàre, àpáta ni, ẹ ò tíì gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì tí ṣọ́bìrì á fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Inú òkúta la máa gbẹ́ ẹ sí nìyẹn, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sísàlẹ̀.

Àwọn lébírà ní ká sun táyà lórí ẹ̀ kó lè sán, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, mo ní rárá, ta ló fẹ́ mu èéfín yẹn? Ìyá kan ará Kàbà tó wà ní ilé kejì ti sáré wá bá mi, "Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, ògiri mi o!" Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀ mà, a ò ní yin ẹ̀tù kankan."

Pàúdà tó máa ń wú la lò. Ẹ máa fi dírìlì lu ihò tóóró tóóró, ẹ po pàúdà mọ́ omi tútù, ẹ dà á sí i, á máa wú títí àpáta á fi là fúnra ẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ la máa ń dà á o, torí ooru Abuja yìí lè jẹ́ kó tú jáde lójijì, ẹni tó bá wá ń yọjú wo ihò yẹn, ojú ẹ̀ ló máa fi gbà á. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé òkúta ò lè là tí ò bá rí ibi tó máa sún sí, torí ẹ̀ àárín la ti bẹ̀rẹ̀, a lu ihò kan tí a ò da nǹkan kan sí, àwọn tó yí i ká là síbẹ̀, bí àyè ṣe ṣí nìyẹn tí a wá ń gbẹ̀gbẹ́ lọ. Àwọn tó ń fi ẹ̀tù gbẹ́ ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ náà máa ń fi ihò òfìfo sáàárín bẹ́ẹ̀.

Mo ti ń tẹ̀lé iṣẹ́ DUNE, ìwádìí sáyẹ́ǹsì kan tí wọ́n gbẹ́ ihò ńlá sínú àpáta fún, ní Amẹ́ríkà ọjọ́ pẹ́, ìlú Lead ní South Dakota, inú Homestake tí wọ́n ti ń wa góòlù tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó tì í ní 2002. Nǹkan bíi kìlómítà kan àtààbọ̀ nísàlẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ yàrá ńláńlá sí, méjì tó ga jù, ìkọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 145, ó fẹ̀ tó 20, ó ga tó 28! Neutrino ni wọ́n fẹ́ mú, ìyẹn èérún tíntìntín tó lè gba inú òkúta kọjá, ilé ìwádìí Fermilab nítòsí Chicago á máa rán an gba inú ilẹ̀ wá láti 1,300 kìlómítà, òkúta tó wà lókè á sì máa bá wọn dí ìtànṣán tó ń já bọ́ láti ojú ọ̀run. Wọ́n parí gbígbẹ́ ẹ ní 2024, òkúta tó jáde tó 800,000 tọ́ọ̀nù. Ross Shaft, ihò tó lọ tààrà sísàlẹ̀ bíi kànga, ló gbà gòkè, wọ́n á lọ̀ ọ́, bẹ́líìtì á gbé e lọ da sínú kòtò ńlá tí àwọn awagóòlù fi sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ gan-an, títú ni wọ́n tú u kó lè gba ẹnu ihò yẹn wọlé, wọ́n wá tò ó padà nísàlẹ̀.

Ibẹ̀ yẹn ló bá tèmi mu. Típà ò lè wọ àgbàlá Alàájì, géètì ẹ̀ ò gbà ju bárò lọ, ó dà bí ẹni ń kó àgbàdo gba ẹnu ìgò. Mo ní kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ bí àtẹ̀gùn, kí bárò máa gbabẹ̀ gòkè, òun la fọ́ kẹ́yìn, èyí tó kù nísàlẹ̀ a fi okùn àti garawa fà á. Owó kíkó yìí ju owó dírìlì lọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó dá iye iṣẹ́ o.

Ògiri ihò tó kọjú sí ọ̀dọ̀ Ìyá Kàbà là díẹ̀. Nínú ihò ńlá, òrùlé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbẹ́, wọ́n á fi irin gígùn rán òkúta mọ́ra, wọ́n á fọ́n kọnkéré sí i kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Èmi ò ní òrùlé, àmọ́ mo lu ihò dídagun kọjá ojú ibi tó là, mo ki irin onímìlímítà 16 bọ̀ ọ́, mo fi sìmẹ́ńtì dí i. A wá rẹ́ gbogbo inú ẹ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ńtì tí omi ò lè gbà kọjá, a fa omi kún un, a fi ṣọ́ọ̀kì sàmì. Ilẹ̀ mọ́, omi ṣì wà lójú àmì, mo pe púlọ́ńbà kó wá so páìpù.