Kí ẹ tó ra ohun tí ẹ máa so mọ́ tẹlifíṣọ̀n

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹnikẹ́ni ò bi mí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Bó bá jẹ́ Netflix àti YouTube nìkan lẹ ń wò, nǹkan kékeré bíi Fire TV Stick, tí wọ́n máa ń kì bọ ihò HDMI tẹlifíṣọ̀n, ti tó. Iná tó ń jẹ ò ju bíi wáàtì 5 lọ. Inverter ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì lè jẹ wáàtì 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ká má tíì sọ ti ariwo fáànù.

Dátà gan-an lọ̀rọ̀ wà. Netflix fúnra wọn sọ pé wákàtí kan ní HD lè jẹ tó 3GB. Ẹni tí fíìmù ti kún inú hard disk rẹ̀, kọ̀ǹpútà àlòkù ni kó rà, kó fi VLC, ètò tí wọ́n fi ń wo fíìmù lórí kọ̀ǹpútà, sí i, kó fi wáyà HDMI so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Kò ní ná kọ́bọ̀ dátà.

Ẹ ṣọ́ra fún àpótí Android olówó pọ́ọ́kú o. Wọ́n kọ 4K, ìyẹn àwòrán tó mọ́ ju HD lọ, gàdàgbà sára páálí èyí tí mo rà, àmọ́ Netflix ò kúrò ní 480p tí kò mọ́ tó HD, torí àpótí náà ò ní àṣẹ Netflix. Ẹ ní kí wọ́n tan Netflix lórí rẹ̀ níṣojú yín kẹ́ ẹ tó sanwó.