Bí ìrora àyà mi ṣe lọ lẹ́yìn tí awọ ọkàn mi wú

Awọ fẹ́lẹ́ tó bo ọkàn ló wú fún mi; pericarditis ni àwọn dókítà ń pè é. Wọ́n fún mi ní ibuprofen, oògùn tó ń dín ìrora àti wíwú kù; ara mi yá láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ni mo bá dá oògùn dúró fúnra mi. Àṣìṣe ńlá gbáà ni. Kò pẹ́ tí ìrora náà fi padà. Bí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀, á dà bíi pé wọ́n ń fi ọ̀bẹ gún mi láyà. Bí mo bá jókòó tí mo tẹ̀ síwájú, á rọlẹ̀. Àìmọye òru ni mo gbórí lé tábìlì sùn nínú ilé wa ní Òkè-Fìà.

Dókítà ọkàn ló là mí lóye pé wíwú náà kò tíì tán nígbà yẹn. Ó dá ibuprofen padà, ó fi colchicine 0.5 mg, oògùn mìíràn tó ń dín wíwú kù, kún un fún oṣù 3, àti omeprazole kí ibuprofen má baà ba inú mi jẹ́. Ó ní ìgbà tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá fi hàn pé CRP, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń pọ̀ bí nǹkan bá ń wú nínú ara, ti wálẹ̀ la ó tó máa dín ibuprofen kù, díẹ̀díẹ̀. Colchicine yẹn jẹ́ kí ìgbẹ́ gbuuru ṣe mí díẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ìsinmi tí dókítà ní kí n máa ṣe ló le jù. Mo fẹ́ gbé àpò ìrẹsì tí ìyá mi rà l'Ọ́jà Ọba, wọ́n kígbe: “Gbé e sílẹ̀, ọkọ mi! Àbúrò rẹ á gbé e.” Mo gbé e sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo oògùn wọ̀nyí láìrí dókítà, pàápàá ẹni tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu. Bí ìrora bá nà dé apá tàbí àgbọ̀n, tàbí tí èémí ò délẹ̀, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ sáré lọ lójú ẹsẹ̀.

Mo ti ń fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn báyìí.