Ẹ wo rọ́bà ṣáàfù ọkọ̀ yín
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tí táyà iwájú ló ń fa ọkọ̀ yín, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń na Ìlọrin sí Ọ̀fà, ẹ yí sítíárìn dé òpin, kí ẹ bẹ ẹ̀yìn táyà iwájú wò. Bí gírísì dúdú bá ta sí inú rímù, rọ́bà tó bo CV joint, ìyẹn oríkèé ṣáàfù tó ń yí táyà iwájú, ti ya nìyẹn. Iyanrìn àti omi á máa wọlé. Bí joint náà kò bá tíì máa dún, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì fọ̀ ọ́, kó pààrọ̀ rọ́bà àti gírísì. Gírísì CV joint gan-an ni o! Bó bá fẹ́ fi wáyà so rọ́bà náà, ẹ má gbà. Àmọ́ tó bá ti ń dún ká-ká-ká ní kọ́nà, ẹ múra owó joint.