Bí ẹ ṣe lè fọ gẹ̀ẹ́sì kó yé èèyàn, láì fọnẹ́

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti dùn mí. Àbúrò mi obìnrin wá ṣe àgùnbánirọ̀ ní Àbújá níbí, wọ́n fi í sí ọ́fíìsì kan, ọmọ yẹn mọ iṣẹ́ dáadáa, òun ló jókòó kọ gbogbo ètò tí wọ́n fẹ́ fi ṣe tréníìnì, lọ́jọ́ tí wọ́n wá ní kó dìde ṣàlàyé ẹ̀ níwájú àwọn ọ̀gá, ó fẹ́ sọ pé àwọn nílò forty chairs, ohun tó jáde ni forty shares. Ọ̀gá kan ní shares wo nìyẹn, ó tún un sọ, shares náà ló tún jáde, ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta ló nawọ́ sí àga. Látọjọ́ yẹn, ẹlòmíì ni wọ́n ń ní kó lọ sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí òun kọ. Ó délé ní Kubwa lálẹ́, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó ká mi lára gan-an, torí ọ̀rọ̀ yẹn ò tó ohun tí wọ́n á fi ti ọmọ ọlọ́mọ sẹ́yìn sí, oṣù méjì la fi tún un ṣe, ọ̀nà tá a gbà ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ má fọnẹ́ o. Ohùn Yorùbá tó wà lẹ́nu yín ò ṣe yín ní ńkankan, kó yé ẹni tó ń gbọ́ la ń wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì yẹn, gan-an, apá ọ̀rọ̀ sísọ ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú 11 sí 14 lọ, ńkan mẹ́rin ni wọ́n ń fi máàkì sí, bẹ́ ẹ ṣe ń pe ọ̀rọ̀ jẹ́ ọ̀kan, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ dún bí ọmọ London.

Èdè wa ò ní v, kò ní z, kò ní ch, kò ní th. Ìdí nìyẹn tí church fi di ṣọ́ọ̀ṣì, tí very ń di fẹ́rì. Ẹ fi ìka méjì sí ọ̀fun yín, ẹ pe "sss" bí ejò, ọ̀fun ò ní gbọ̀n. Ẹ wá jẹ́ kó máa hùn bí oyin láì yí ẹnu padà, "zzz" nìyẹn. Bákan náà ni v, ẹ gbé eyín òkè lé ètè ìsàlẹ̀ bí ẹni fẹ́ pe f, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kí ọ̀fun hùn. Ch ló rọrùn jù, ẹ pe "j" bí ẹni ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí aládùúgbò má gbọ́, ch ló máa jáde.

Àwa tá a wà lápá òkè níbí tún láǹfààní kan tí ará Ìbàdàn ò ní, torí Hausa ní z, ó sì ní ch, ojoojúmọ́ là ń gbọ́ ọ, Zuba, Zuma, Zaria, Bauchi. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra zobo, ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń pè é ní sobo, ẹ ní kí ìyá tó ń tà á pè é fún yín, kẹ́ ẹ wo ẹnu ẹ̀, kẹ́ ẹ pè é tẹ̀lé e títí á fi ní yauwa, pé ó ti dáa. Ibi tí àbúrò mi ti mú ch tiẹ̀ nìyẹn, Bauchi, Bauchi, chair, chair, látinú bọ́ọ̀sì Kubwa dé Berger ní Àbújá níbí. (Th, ẹ ki ṣóńṣó ahọ́n sáàárín eyín kẹ́ ẹ fẹ́ atẹ́gùn, àmọ́ èmi ò ní fi ṣáájú, ìwọ̀nba èèyàn ló ń tìtorí ẹ̀ sọnù.) Bí "ṣ" bá sì máa ń di "s" lẹ́nu yín, ẹ wo ìyẹn náà, she àti see ò jọra.

Ìparí ọ̀rọ̀ ló kàn, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, torí ẹ̀ la ṣe máa ń fi fáwẹ̀lì kún un, bed á di bẹ́ẹ̀dì, tàbí ká gé e dànù, test á di tẹ́s. Bí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e bá fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé kọ́ńsónáǹtì yẹn fún un, pick it up á di pí-kí-tọ́p. Ẹ rí i pé ó wọ ẹnu wa, bá a ṣe ń sọ "ra ẹja" di rẹja náà ni. N ìparí ńkọ́? Tiwa máa ń gba imú jáde, bíi "ọmọ kan", ahọ́n ò ní kan òkè. Nínú ten àti can, ṣóńṣó ahọ́n gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn eyín òkè kó tó parí. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ báyìí.

Ohùn wa mẹ́ta, dò rè mí, kálukú sílébù ló ní tiẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ò ṣe bẹ́ẹ̀, sílébù kan la máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ká fà á gùn, àwọn yòókù á sáré kọjá. Ẹ fún ìyẹn ní mí, kẹ́ ẹ fún àwọn tó kù ní dò. Present tó jẹ́ ẹ̀bùn, mí-dò. Present tó jẹ́ kéèyàn gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, dò-mí. Photograph, mí-dò-dò, àmọ́ photographer di dò-mí-dò-dò. Development tí ẹ máa gbọ́ láìmọye ìgbà lóòjọ́ nínú ọ́fíìsì Àbújá, dò-mí-dò-dò ni, ve lẹ máa tẹ̀, kì í ṣe lop. Èyí tí kò bá dá yín lójú, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú díkíṣọ́nárì Cambridge lórí fóònù, ó máa pè é sí yín létí.

Tó bá wá di kẹ́ ẹ dìde síwájú èèyàn, ẹ má kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa kà á. Kókó mẹ́ta ti tó, gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan lẹ máa há sórí, torí ibẹ̀ ni àyà ti ń já jù. Ìṣẹ́jú kan ò yẹ kó gbà ju ọ̀rọ̀ 120 sí 150 lọ, ẹni tẹ́rù ń bà máa ń sáré kọjá ìyẹn, tẹ́ ẹ bá ti parí kókó kan ẹ dákẹ́, ẹ mí, kò sẹ́ni tó máa lé yín. Ìkíni náà, Àbújá fẹ́ràn kí wọ́n máa ka orúkọ àwọn èèyàn pàtàkì lọ rẹrẹẹrẹ, ẹ kí àgbà ibẹ̀, ẹ kí ìyókù pọ̀, ẹ wọnú ọ̀rọ̀.

Ojú ló ṣòro jù fún àbúrò mi. Wọ́n tọ́ wa pé ọmọ kì í wo àgbà lójú kòrókòró, ìyẹn dáa nílé, àmọ́ níbi ìjíròrò, ẹni tí kò gbójú sókè, wọ́n á rò pé kò mọ ohun tó ń sọ ni. Ẹ wo ẹnì kan títí gbólóhùn kan á fi parí, kẹ́ ẹ kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Tó bá le, ẹ wo àárín iwájú orí wọn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ìbéèrè tẹ́ ẹ ò bá sì mọ̀, ẹ ní ẹ máa wádìí ẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa dáhùn.

Lálẹ́ òní, ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ lórí fóònù, ìṣẹ́jú méjì péré, lórí òkè Zuma, níbi tó wà lójú ọ̀nà Kàdúná, bó ṣe rí, pé òun ló wà lẹ́yìn owó 100 náírà ti tẹ́lẹ̀. Ẹ má pa á rẹ́ tó bá tì yín lójú. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tún un sọ, kẹ́ ẹ gbọ́ méjèèjì tẹ̀léra.