Bí mo ṣe ya kọ́míìkì àkúdàáyà tó háyà yàrá ní Mùṣin

Nínú gbogbo ìtàn ẹ̀rù ilẹ̀ Yorùbá, ti àkúdàáyà ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó kú, tí wọ́n sin, tí wọ́n sì ti ṣe sàráà rẹ̀, ni wọ́n tún bá ní ìlú mìíràn, tó ń ṣiṣẹ́ ajé. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ bá fojú kàn án, ó di àwátì nìyẹn. Ìtàn yìí ni mo sọ di kọ́míìkì olójú ewé 16, èyí tí mo fẹ́ kó dẹ́rù bani kó sì tún pani lẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ṣe é rèé.

Kí n tó mú pẹ́ńsù, mo kọ́kọ́ bi ara mi pé ta ni a óò fi rẹ́rìn-ín. Mo ti ka kọ́míìkì tó fi ẹkún opó ṣe yẹ̀yẹ́, inú mi ò dùn sí i rárá. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lè ṣí ìwé mi, kò yẹ kó bá ẹ̀gàn pàdé níbẹ̀. Lójú tèmi, alààyè ni ẹ̀rín tọ́ sí, àgàgà alààyè tí ikú dé iwájú rẹ̀ tí kò jáwọ́ nínú ìwà rẹ̀. Bí mo ṣe gbé ẹ̀rín lé lánlọ́ọ̀dù lórí nìyẹn. Ọkùnrin tó kú ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń ṣe fọkanáísà ní Mùṣin, ó sì jẹ owó ilé. Ìyàwó rẹ̀ wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ l'Ékòó, ó rí ọkọ rẹ̀ lẹ́bàá títì, ó figbe ta, ó tọ̀ ọ́ dé ilé. Gbogbo ayálégbé fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Lánlọ́ọ̀dù nìkan ló dúró: “Ìyá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kó yé mi. Ṣé kó tó kú ló gba yàrá mi ni, àbí lẹ́yìn tó kú? Torí owó oṣù mẹ́ta ló wà lọ́rùn rẹ̀.”

Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ kan tó ń tẹ kọ́míìkì, EC Comics, gbé irú ẹ̀rín báyìí lárugẹ láti ọdún 1950. Àwọn arúgbó abàmì ló máa ń ṣe atọ́kùn ìtàn níbẹ̀, wọ́n á máa bá òǹkàwé dápàárá. Nígbà tó di 1954, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà pe àwọn oníkọ́míìkì wá jẹ́jọ́. Àwọn atẹ̀wé fúnra wọn wá ṣòfin lọ́dún náà pé kò gbọ́dọ̀ sí òkú tó ń rìn nínú kọ́míìkì mọ́. Ohun tí wọ́n fòfin dè gan-an ni àkúdàáyà jẹ́! Ẹ̀kọ́ tí mo mú lára EC ni pé olójúkòkòrò ni ẹ̀rù máa ń padà já lé lórí.

Lẹ́yìn èyí ni mo pín ìtàn sí ojú ewé. Iṣẹ́ tó ṣe kókó jù nìyí, torí ṣíṣí ìwé ni ilẹ̀kùn ẹ̀rù. Ojú ewé 11 wà lápá ọ̀tún: lánlọ́ọ̀dù di ọwọ́ ilẹ̀kùn yàrá mú, ó ń pariwo owó rẹ̀. Òǹkàwé á ti máa rẹ́rìn-ín. Ó ṣí i sí 12: àwòrán kan ṣoṣo ló gba gbogbo ojú ewé. Kò sẹ́nì kankan. Aṣọ òkú funfun wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ká a dáadáa. Kọ́kọ́rọ́ àti owó oṣù mẹ́ta wà lórí rẹ̀, pérépéré. Ní 13, lánlọ́ọ̀dù ń ka owó náà. Àpótí àwòrán mẹ́fà ni mo fi ya ìka rẹ̀ nìkan. Bó ṣe ń kà á ni iyẹ̀pẹ̀ pupa ń pọ̀ sí i lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ní ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ó ń fi ọwọ́ yẹn jẹ ẹ̀bà.

Kíkọ ọ̀rọ̀ gba sùúrù ju yíya àwòrán lọ. Lẹ́tà ńlá ni àwọn oníkọ́míìkì sábà máa ń lò, ṣùgbọ́n tí a bá fi kọ Yorùbá, àmì ohùn ìlà kejì á lọ gún ẹsẹ̀ Ẹ, Ọ àti Ṣ tó wà lókè. Púpọ̀ nínú fọ́ǹtì kọ́míìkì orí kọ̀ǹpútà ò sì ní àwọn lẹ́tà wa. Ọwọ́ ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀, mo fi àlàfo tó pọ̀ sáàárín ìlà, mo sì gé ọ̀rọ̀ kúrú.

Àǹtí mi kan ní Ẹ̀búté Mẹ́ta ni mo fún kà kí n tó gbé e lọ tẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín níbi tí mo fẹ́, ó sì pariwo “Yéè!” ní 12. Àmọ́ nígbà tó parí, ó ní, “Obìnrin yẹn ńkọ́?” Òótọ́ ló sọ. Mo tún 15 yà: opó náà ká aṣọ òkú yẹn mọ́ra, ó wọ mọ́tò padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. N ò kọ ọ̀rọ̀ kankan síbẹ̀.

Ṣómólú ni mo ti tẹ̀ ẹ́, láàárín àwọn atẹ̀wé tó kún àdúgbò náà. Bébà A4 mẹ́rin tí a ṣẹ́ po sí méjì, tí a fi pín-ìn kàn láàárín, ló ń di ojú ewé 16. Bébà fẹ́lẹ́ 80 gram ni ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ fẹ́ lò, torí ó dínwó. Mo gbé ewé kan sókè sí fèrèsé. Ẹ̀yìn 11 gan-an ni 12 wà, tàdáwà dúdú inú yàrá náà sì hàn gedegbe sí iwájú; òǹkàwé á ti rí bẹ́ẹ̀dì òfìfo kó tó ṣí i. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lo 120.” Owó rẹ̀ wọ́n sí i, mo san án. A tún gbé e sí fèrèsé, a ò rí bẹ́ẹ̀dì mọ́, ni mo bá ní kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ lọ.