Káńfọ̀ inú àpótí: àṣìṣe tí à ń ṣe lórí ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò tó

Ọmọ ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n gbé wá bá wa ní wọ́ọ̀dù. Ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè, kò gba ọmú mọ́. Bí mo ṣe tú ṣọ́ọ̀lù tí wọ́n fi wé e, òórùn káńfọ̀ gbà mí nímú. Aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ìyá àgbà ló fi tayọ̀tayọ̀ kó o jáde látinú àpótí.

G6PD, ẹ́ńsáìmù kan nínú ara, ló ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Bí kò bá tó lára ènìyàn, káńfọ̀ tàbí oògùn tí ẹlòmíràn ń lò láìsí wàhálà lè fọ́ sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ túútúú, kí ojú sì pọ́n. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún àìtó yìí, àti pé láàárín àwa Yorùbá, ó tó nǹkan bí ọmọkùnrin kan nínú márùn-ún tó ní in.

Ẹ má fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ rárá. Sísá a sóòrùn fún ìgbà díẹ̀ kò tó. Òórùn yẹn gan-an ni ọmọ ń fà símú.

Àṣìṣe tó dùn mí jù ni ti oòrùn àárọ̀. Ojú ọmọ pọ́n, wọ́n ní ká máa gbé e sí oòrùn, ká fún un ní omi glúkóòsì. Ọjọ́ méjì á lọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń mú ojú pọ́n yẹn lè wọ inú ọpọlọ, kí ọmọ má gbọ́ràn mọ́, kó má lè gbé ọrùn dúró. Iná búlúù ilé ìwòsàn ló yẹ ẹ́, nígbà mìíràn a ní láti pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí ojú bá pọ́n ni kí ẹ gbé e wá.

Àgbàlagbà náà ńkọ́? Ẹ má dúró níwájú kẹ́mísí kí ẹ ní "ẹ bá mi po oògùn ibà", kí wọ́n di oríṣiríṣi hóró sínú ọ̀rá tí kò lórúkọ. Septrin, dapsone, primaquine àti nitrofurantoin wà lára àwọn tó léwu. Lapdap, oògùn ibà tó ní dapsone nínú, wọ́n kó o kúrò lọ́jà ní 2008 nítorí èyí gan-an. Bí ìtọ̀ bá dúdú bíi kóòkì láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ mú ọ̀rá oògùn náà dání.

Bí àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lákòókò yẹn bá ní G6PD pé, ẹ má tíì gbà. Sẹ́ẹ̀lì tí tirẹ̀ kò tó ti fọ́ lọ, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni ẹ̀rọ ń kà. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ọmọ yẹn yè. Ìyá rẹ̀ fi báírò pupa kọ G6PD gàdàgbà sẹ́yìn káàdì àjẹsára rẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ ń nà sí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fún un lóògùn.