Bí Mo Ṣe Sọ̀kalẹ̀ sí Àfonífojì Odò Donga lórí Òkè Mambilla

Ọmọ Kàbà ni mí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi kó wa lọ sí Lọ́kọ́ja láti wo ibi tí Bénúé ti wọnú Odò Ọya. Wọ́n na ìka sí omi náà, wọ́n ní, "Ẹ wò ó, omi méjì tí kò tètè gbà láti di ọ̀kan." Láti ọjọ́ yẹn ni ibi tí èyí tó ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn ti ń wá ti ń jẹ mí lọ́kàn. Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé mi dé Jalingo, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Taraba. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé orí òkè Mambilla ni odò Donga ti ṣẹ̀, tó sì ń ṣàn lọ sínú Bénúé. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé n óò gun òkè yẹn.

Oṣù Kejìlá ni mo lọ, torí òjò kì í tètè dáwọ́ dúró lókè lọ́hùn-ún, ọ̀nà abúlé a sì di ẹrẹ̀. Ìdájí ni mo wọ ọkọ̀ ní gáréèjì. Bali àti Serti, ojú oorun ni mo fi kọjá wọn. Ní Mayo Selbe ni ojú mi là, nítorí ibẹ̀ ni gígun òkè ti bẹ̀rẹ̀. ("Mayo" tí ẹ ó máa rí lára orúkọ ìlú níbẹ̀, odò ni lédè Fúlàní.) Ọ̀nà náà ń yí po, ògiri òkè wà lọ́wọ́ kan, ọ̀gbun wà lọ́wọ́ kejì. Dẹ́rẹ́bà pa rédíò, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé kó pa á. Etí mi dí, ó là, ó tún dí. Nígbà tí a yọ sókè, igi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, koríko ló kù, òkè lẹ́yìn òkè, àwọn màlúù sì wà káàkiri lórí rẹ̀ bí ẹ̀wà tí wọ́n sá sórí ẹní. Kò sí òkè pẹrẹsẹ mìíràn ní Nàìjíríà tó ga tó o, nǹkan bíi 1,600 mítà. Ẹ̀wù òtútù méjì ni kí ẹ mú dání, kí ẹ sì gba owó sọ́wọ́ ní Jalingo.

Ní Gembu, ìlú kan lórí òkè náà, ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń tún ọ̀kadà ṣe ni mo dé sí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀, ìyàwó wọn sì gbé pòtétò àti tíì gbígbóná fún mi, tíì tí wọ́n gbìn ní Kakara lórí òkè náà. Mo sọ pé odò ni mo wá wò. Bàbá wo bàtà mi, wọ́n wọlé lọ mú tiwọn wá.

"Ọmọ mi, tí o bá dé abúlé, Jauro ni kí o kọ́kọ́ kí. Má yọ fóònù kí o tó kí i. Kí oòrùn má sì wọ̀ bá yín nísàlẹ̀."

Jauro ni wọ́n ń pe baálẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọkùnrin ẹ̀yà Mambila kan fi ọ̀kadà gbé mi. Ìkùukùu bo gbogbo àfonífojì, àwa sì wà lókè rẹ̀, àfi bíi pé omi ti kún ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí oòrùn ká a kúrò ni mo tó rí oko àgbàdo, ọgbà ọ̀gẹ̀dẹ̀, òrùlé koríko àti ti páànù, àti odò náà nísàlẹ̀ pátápátá. Níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jù, mo bọ́ sílẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn. Ó gbà mí ju wákàtí kan lọ, mi ò sì kánjú.

Jauro gbà wá tọ̀yàyà. Ó bù kosam fún wa, ìyẹn wàrà kíkan. Ó sọ pé bàbá òun wà lára àwọn tó dìbò ní oṣù Kejì ọdún 1961, nígbà tí ilẹ̀ wọn ṣì jẹ́ ara Kamẹrúùnù tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì yàn láti bá Nàìjíríà lọ. Àsìkò yẹn náà ni orúkọ Sardauna, tí ìjọba ìbílẹ̀ wọn ń jẹ́ títí dòní, ti wá.

Etí odò ni mo ti jókòó pẹ́ jù. Donga yìí ni wọ́n fẹ́ sé fún dáàmù Mambilla, láti fi pèsè iná mẹ́gáwáàtì 3,050. Àtìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ìjọba àpapọ̀ tún fọwọ́ sí i ní ọdún 2017, ṣùgbọ́n mi ò rí dáàmù kankan níbẹ̀. Mo fẹ́ kí iná wà. Mo sì rí ilé àwọn èèyàn nínú àfonífojì náà.

Ìyá kan ń sá àgbàdo lẹ́bàá ibẹ̀. Ó bi ọmọkùnrin yẹn bóyá mo wà lára àwọn tó ń wá wọn ilẹ̀, torí pé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn òun ni wọ́n sin ìyá òun sí. Mo fi Haúsá dáhùn, ọmọ náà túmọ̀ rẹ̀: "Rárá o, Mama. Odò ni mo wá wò."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé kò sí odò lọ́dọ̀ wa ni?

Mo sọ fún un pé omi tó wà níwájú rẹ̀ yìí ń lọ bá Bénúé, Bénúé ń lọ bá Ọya ní Lọ́kọ́ja, ìtòsí ilé bàbá mi. Ó dákẹ́, ó wo odò náà fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní kí n bá òun kí wọn.

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí a fi gòkè padà. Mi ò dé igbó Ngel Nyaki tí ìnàkí ṣì wà, mi ò sì dé Chappal Waddi, òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, 2,419 mítà. Ìyẹn gba ọjọ́ púpọ̀ àti afinimọ̀nà.

Nígbà tí mo lọ sílé fún ọdún tuntun, mo jíṣẹ́ ìyá náà fún bàbá mi. Wọ́n ní kí n kí i padà. Mi ò tíì rí ẹni tí n óò rán.